Ẹ Má Fi Sísọ́ọ̀sì Kan Àwọn Jákẹ́ẹ̀tì Òkè Yẹn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú ìrójú. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ sí yín lẹ́nu àìpẹ́ yìí nípa bọ́síkọ́nà, tó ní kí ni àwọn ìyá wa ní Kútọ̀ àti Láfẹ́ńwá ń fi jákẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ yìnyín ṣe nínú ooru Abẹ́òkúta, pé ìdọ̀tí lásán ni, kí wọ́n kúkú máa gé e kí wọ́n fi rán báàgì tàbí kí wọ́n máa fi bo jẹnẹrétọ̀. Mi ò mọ ẹni yẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara, torí iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, àtúnṣe bọ́síkọ́nà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, síìpù tó bàjẹ́, apá tó ya, rọ́bà ìdí aṣọ tó ti dẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń gba abẹ́ máṣíìnì mi kọjá, àwọn kan sì wà nínú àwọn jákẹ́ẹ̀tì tó ń pè ní ìdọ̀tí yẹn tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára wọn, mi ò rí irú ẹ̀ lára kóòtù olówó gọbọi tí wọ́n ń rà fún ìgbéyàwó.

Kí n yáa là á mọ́lẹ̀ o, kì í ṣe gbogbo jákẹ́ẹ̀tì òtútù ni mò ń gbèjà. Àwọn tó ki pọ̀pọ̀ yẹn, tí wọ́n fi fóòmù àti òwú àtọwọ́dá há inú ẹ̀, tí èèyàn ò lè wọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kó má làágùn, ẹ ṣe wọ́n bó ṣe wù yín. Àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni tèmi. Àwọn tí wọ́n rán fún àwọn tó ń gun òkè gíga àti àwọn tó ń ṣe síkì, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń de pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n á máa yọ̀ bọ̀ láti orí òkè yìnyín, pàápàá àwọn tọdún pípẹ́, tọdún 1960 sí 1980 síbẹ̀. Wọ́n ṣì máa ń bá béèlì wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á gbé e sọ sábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn ẹ̀dínwó, nígbà tó jẹ́ pé nílùú òyìnbó àwọn èèyàn ń wá a kiri, wọ́n sì ń fi owó gidi rà á.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan tó wà lórí tábìlì mi. Ìyá kan ló gbé e wá, ó ní kí n gé apá ẹ̀ méjèèjì dànù kó lè di síńgílẹ́ẹ̀tì fún ọmọ òun. Mo ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi nǹkan hàn yín ná. Búlúù ni, ó ti ṣá díẹ̀ níbi ìgbúnwọ́, orí ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, síìpù ẹ̀ ò kọjá àyà. Mo ní ẹ wo èjìká ẹ̀, kò sí ojú rírán kankan níbẹ̀, odindi aṣọ kan ni wọ́n fi bò ó láti iwájú gba èjìká lọ sẹ́yìn, wọ́n wá gbé ojú rírán sọ̀ kalẹ̀ sí àyà àti sí àárín ẹ̀yìn, torí pé èjìká ni òjò kọ́kọ́ ń bà lé, ibẹ̀ náà ni okùn báàgì ti ń ra á, bí ẹ bá ran aṣọ lórí èjìká abẹ́rẹ́ ti lu ihò sí i nìyẹn, ihò yẹn gan-an lomi máa gbà wọlé. Mo ní kó fi ọwọ́ kan abẹ́ abíyá ẹ̀, wọ́n fi ègé aṣọ kékeré onígun mẹ́rin sí i, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè na ọwọ́ sókè kó di òkúta mú kí ìdí aṣọ má sì tẹ̀ lé e sókè. Ojú rírán ẹ̀ ńkọ́, wọ́n ká a mọ́ inú ara wọn, wọ́n wá rán an lẹ́ẹ̀mejì, kò sí etí aṣọ kankan tó ń tú fọ́nrán, ẹ yí i padà ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ inú. Ní ẹ̀gbẹ́ síìpù, aṣọ kan bò ó mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gba àárín eyín síìpù wọlé, okùn wà ní ìdí, okùn wà lọ́rùn, fìlà tó wà lẹ́yìn ọrùn sì fẹ̀ tó láti bo àṣíborí tí wọ́n ń dé lórí òkè. Ìyá yẹn dákẹ́, ó ní ṣé nítorí òkè ni wọ́n ṣe ro gbogbo eléyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò jẹ́ kí n gé e mọ́, ọmọ ọlọ́kadà kan ní Adátán ti bá a ná an.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Àwọn aṣọ yìí, irinṣẹ́ ni wọ́n. Ẹnì kan ti kú sí òtútù rí, ẹnì kan ti ṣubú láti orí òkè rí, kí télọ̀ kan tó mọ̀ pé ibi báyìí ló yẹ kí ojú rírán wà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìpilẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè ńlá, aṣọ tó le, tó wúwo ni wọ́n ń wọ̀, tí òjò bá pa á á di ẹrù lọ́rùn wọn. Thomas Burberry, tó ń ta aṣọ ní Basingstoke nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé gabardine jáde ní 1879, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ ní 1888. Ohun tó ṣe ni pé òwú gan-an ló kọ́kọ́ fi ohun tí kì í jẹ́ kómi wọ̀ ọ́ pa kí wọ́n tó hun ún, wọ́n wá hun ún mọ́ra pinpin, omi ò ráyè, ooru ara sì ń jáde. Aṣọ yẹn ni George Mallory, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń gun òkè, wọ̀ lọ sí Everest, òkè tó ga jù láyé, ní 1924, òun àti Andrew Irvine, wọn ò padà wálé. Ọdún 1999 ni wọ́n tó rí òkú Mallory lórí òkè yẹn, ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀ o, ẹ̀yin télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, lébẹ̀lì orúkọ tí wọ́n rán mọ́ aṣọ ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọdún 75! Èyí ni mo fi ń bẹ àwọn tó ń ta bọ́síkọ́nà pé kí wọ́n yé já lébẹ̀lì dànù, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé aṣọ tó wọ̀ ò dáa tó ló pa á, pé báwo lèèyàn á ṣe fi gabardine àti ṣẹ́ẹ̀tì sílíìkì dojú kọ Everest. Ní 2006 wọ́n rán irú aṣọ yẹn gan-an padà, sílíìkì, òwú, irun àgùntàn, gabardine lókè, ọ̀gbẹ́ni Graham Hoyland gbé e wọ̀ lórí Everest fúnra ẹ̀, ó ní ó fúyẹ́, ó móoru, kò dí òun lọ́wọ́. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àṣírí ẹ̀, kì í ṣe kíki. Ẹni tó bá ti wọ bùbá sí abẹ́ dàńṣíkí, tó tún wá gbé agbádá lé e nínú ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ìtàn aṣọ yìí ni ti Ventile, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́ torí òwú ni, òwú lásán, kò sí náílọ́ọ̀nù níbẹ̀. Manchester ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Shirley Institute. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá ni aṣọ tí wọ́n lè fi ṣe rọ́bà omi àwọn panápaná, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe é lè wọ́n tí ogun bá dé. Wọ́n mú òwú tí fọ́nrán ẹ̀ gùn, wọ́n hun ún mọ́ra débi pé tí omi bá kàn án, fọ́nrán òwú yẹn á wú, àwọn àlàfo kéékèèké tó wà láàárín wọn á dí, omi ò ní lè kọjá mọ́. Tó bá tún ti gbẹ, àlàfo á ṣí, èèyàn á máa mí nínú ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ òfuurufú tó ń ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù lọ sí Rọ́ṣíà, tí bàálù wọn bá já sínú òkun, òkun yẹn tutù débi pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń kú. Aṣọ Ventile ló sọ ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn di nǹkan bí 20, kí ọkọ̀ tó ń wá wọn lè rí wọn he. Lẹ́yìn ogun làwọn tó ń gun òkè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, ẹ jẹ́ n rán yín létí pé Manchester yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa o. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, òwú tí wọ́n ń gbìn ní àgbègbè Abẹ́òkúta wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, tóun àti àwọn míṣọ́nnárì CMS láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣètò ẹ̀, àní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ kóró kúrò lára òwú dé ìlú yìí nígbà yẹn. Mi ò sọ pé òwú wa ni wọ́n fi ṣe Ventile, nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ló wà láàárín wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlú tó ti mọ òwú láti ayé àwọn baba ńlá wa, tó ń pa adìrẹ tí gbogbo ayé ń wá rà ní Ìtòkú, kò yẹ kó rí jákẹ́ẹ̀tì òwú tó ń dá omi dúró kó sì pè é ní ìdọ̀tí.

Yàtọ̀ sí Ventile, aṣọ Grenfell náà wà, tiẹ̀ jáde ní 1923 ní Burnley, wọ́n hun ún fún dókítà kan, Wilfred Grenfell, tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní Labrador níbi tí yìnyín pọ̀. Ní 1953 tí Hillary àti Tenzing, àwọn méjì tó kọ́kọ́ débẹ̀, dé góńgó Everest, mítà 8,848, òwú àti náílọ́ọ̀nù tí wọ́n hun pọ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì òde tí wọ́n wọ̀. Ọ̀nà òwú pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Sierra Designs ní California tọ̀ ní 1968 tí wọ́n fi gbé parka kan, ìyẹn jákẹ́ẹ̀tì onífìlà, jáde tí wọ́n ń pè ní 60/40, òwú ló pọ̀ jù níbẹ̀, náílọ́ọ̀nù ló kù. Òwú á wú tómi bá kàn án, náílọ́ọ̀nù ò ní jẹ́ kó ya. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ nínú béèlì, ọwọ́ nìkan lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, ó máa ń le díẹ̀, ó máa ń pariwo wẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá fún un, kì í dán bíi náílọ́ọ̀nù.

Ní ti náílọ́ọ̀nù gangan, ní Paris ní 1965, ilé iṣẹ́ K-Way ṣe jákẹ́ẹ̀tì tó ń ká wọ inú àpò ara ẹ̀, tí èèyàn á so mọ́ ìbàdí bíi báńtẹ́. Àwọn yẹn pọ̀ ní Kútọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ojúlówó kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ibẹ̀ náà ni.

Lẹ́yìn náà ni aṣọ tí wọ́n ń pè ní Gore-Tex dé. Bob Gore, ní 1969 ní Amẹ́ríkà, mú ọ̀pá PTFE, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń kun páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́, ó ti gbóná, ó wá fà á lójijì dípò kó rọra fà á, ó sì nà gan-an, ihò tín-ín-tìn-ìn-tín ló kún inú ẹ̀. Ẹ̀kán omi ò lè gba ihò yẹn, ṣùgbọ́n ooru òógùn tó ń gbéra lára èèyàn lè gbà á jáde. Ọdún 1976 ló tó wọ ọjà. Èyí tó kọ́kọ́ jáde máa ń jò tí òróró ara bá ti wọ̀ ọ́, ẹ rántí èyí tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ fífọ̀.

Ó dáa, ẹni yẹn ní kí la fẹ́ fi ṣe níbí. Ṣé ẹni yẹn ti gun ọ̀kadà láti Òdẹ̀dá wọ ìlú nínú òjò oṣù Keje rí? Àwọn ọmọ wa tó ń gun ọ̀kadà, réènkóòtù rọ́bà ni púpọ̀ nínú wọn ń wọ̀, èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, òjò ò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òógùn ò jáde, láàárín wákàtí kan inú á tutù ju ìta lọ, tí wọ́n bá bọ́ ọ wọ́n á máa gbọ̀n. Tó bá tún jẹ́ àárọ̀ kùtù inú ọyẹ́, ẹni tó ń sáré lórí ọ̀kadà, atẹ́gùn yẹn a máa gún àyà. Jákẹ́ẹ̀tì òkè tó fẹ́lẹ́, tó ń dá atẹ́gùn dúró, tó ń jẹ́ kí ara mí, tó ṣeé ká sínú àpò tí oòrùn bá yọ, ohun tí wọ́n nílò gan-an nìyẹn. Èyí tó bá ní àwọ̀ pupa tàbí ọsàn, tí àwọn tó ń ṣe síkì ń wọ̀ kí wọ́n lè tètè rí wọn nínú yìnyín, mọ́tò á tètè rí ọlọ́kadà nínú ìkùukùu náà. Àwọn ìyá tó ń jí ní aago mẹ́rin lọ gbé ẹ̀fọ́ náà nílò ẹ̀. Àwọn ọlọ́dẹ alẹ́ náà.

Tó bá sì jẹ́ pé ohun tó ń sọ ni pé ọmọ Nàìjíríà ò mọ yìnyín, ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2018 àwọn ọmọbìnrin wa lọ ṣojú wa níbi Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní South Korea, Simidele Adeagbo wà níbẹ̀, Seun Adigun náà wà níbẹ̀, ní 2022 sì ni Samuel Ikpefan ṣe síkì fún Nàìjíríà ní Beijing. Ọmọ wa náà ń gun òkè o. Òkè Kamẹrúùnù tí kò jìnnà sí wa ga tó mítà 4,095, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe eré, ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ló dé tó fi máa lọ ra jákẹ́ẹ̀tì tuntun ní owó tó lè san owó ilé nígbà tí èyí tó dáa jù ú lọ ń jìyà ní Láfẹ́ńwá.

Ní báyìí ká wá sọ ohun tó ń bà wọ́n jẹ́, torí kì í ṣe sísọ́ọ̀sì nìkan.

Oòrùn ni àkọ́kọ́. Náílọ́ọ̀nù ò fẹ́ oòrùn rárá, tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ síta láràárọ̀ fún oṣù kan, àwọ̀ ẹ̀ á ṣá, èyí tó burú jù ni pé fọ́nrán ẹ̀ á rọ, á wá dọjọ́ tẹ́nì kan bá fà á díẹ̀ báyìí, fàràrà, ó ti ya. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbé e sínú ìbòòji, ẹ jẹ́ kí ti òwú wà níta.

Áyọ̀nù ni ìkejì. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn fẹ́ kí ọjà wọn dán kí oníbàárà lè rà á, ṣùgbọ́n áyọ̀nù gbígbóná lórí náílọ́ọ̀nù, ó ti parí nìyẹn, á yọ́ tàbí kó máa dán wíníwíní lójú kan, téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rírán láti inú náà á sì ṣí. Blíìṣì ńkọ́? Ẹ má tiẹ̀ gbé e sún mọ́ ọn. Omi tó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ tí kò le, ẹ ṣan án dáadáa kí ọṣẹ kankan má kù níbẹ̀, ó tó. Ẹ má fi ọṣẹ tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, ó máa ń dí ibi tí aṣọ ti ń mí, ó sì máa ń jẹ́ kómi tètè wọ̀ ọ́. Gore-Tex tó dọ̀tí ń jò, èyí tí wọ́n fọ̀ mọ́ á tún padà ṣiṣẹ́, torí náà ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀.

Èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sínú ẹ̀ yàtọ̀ o. Ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tó wà ní àyà pẹ́pẹ́yẹ ni, òun ló fúyẹ́ jù tó sì móoru jù. Eddie Bauer, oníṣòwò kan, ṣe tiẹ̀ ní Seattle ní Amẹ́ríkà ní 1936 lẹ́yìn tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níbi tó ti lọ pẹja, Klaus Obermeyer náà, nígbà tó dé Aspen, ní Amẹ́ríkà náà, ní 1947 láti máa kọ́ àwọn èèyàn ní síkì, kúbùsù oníyẹ̀ẹ́ tó gbé wá láti ilé ló gé tó fi rán jákẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ irú ẹ̀, ẹ má fún un, ẹ rọra tẹ omi jáde, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ tú ìyẹ́ tó bá dì pọ̀, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó gbẹ délẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Tẹ́ ẹ bá ká a mọ́lẹ̀ nígbà tí kò tíì gbẹ, á rùn, á jẹrà, kò sí àtúnṣe mọ́.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ìpara inú. Ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ìpara kan kun inú wọn kómi má wọlé, ìpara yẹn kò fẹ́ ooru tó bá ọ̀rinrin pọ̀, ẹ sì mọ̀ pé ohun tó kún Abẹ́òkúta nìyẹn. Á bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òórùn kíkan á máa ti inú ẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà á máa hó bí awọ. Béèlì tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń jò fún ọ̀pọ̀ oṣù, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ti hó, kò sẹ́ni tó lè dá ìpara ẹ̀ padà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú nù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha èyí tó kù kúrò, á di jákẹ́ẹ̀tì tó ń dá atẹ́gùn dúró, òjò ńlá nìkan ni kò ní lè gbà mọ́. Fún ọyẹ́, ó tó ó ṣẹ́kù.

Ti òwú àti ti 60/40, ìyẹn ni inú mi dùn sí jù, torí ohun tá a máa fi tọ́jú ẹ̀ wà nílé. Àwọn ìyá wa ní Ìtòkú tó ń ṣe adìrẹ alábẹ́là, àbẹ́là yẹn gan-an, tẹ́ ẹ bá yọ́ ọ pọ̀ mọ́ ìda oyin díẹ̀, òun náà ni. Ilé iṣẹ́ àwọn ará Sweden kan, Fjällräven, irú ẹ̀ ni wọ́n ń tà nínú páálí pẹ́lẹ́bẹ́ fún jákẹ́ẹ̀tì wọn, àbẹ́là àti ìda oyin ni wọ́n pò pọ̀. Ẹ jẹ́ kó dì, ẹ fi ra èjìká, fìlà àti ìsàlẹ̀ apá aṣọ tó mọ́ tó sì ti gbẹ, díẹ̀díẹ̀ ni o, ẹ wá tẹ́ ìwé lé e kí ẹ gbé áyọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ kọjá lórí ẹ̀ títí á fi wọ inú aṣọ. Omi á máa yí bọ́ lórí ẹ̀. Ẹ má ṣe é fún Gore-Tex, ẹ má ṣe é fún èyí tó jẹ́ náílọ́ọ̀nù lásán, ẹ má sì kun gbogbo ara aṣọ torí ẹ ṣì fẹ́ kó mí. Ẹni tí kò bá dá a lójú, kó kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kékeré kan nínú aṣọ.

Nípa lébẹ̀lì tí mo ní mò ń bọ̀ wá sí. Èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà, tí ẹ bá rí RN àti nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ lè fi fóònù wá nọ́ńbà yẹn lórí ìkànnì ìjọba wọn, á sọ ilé iṣẹ́ tó ní i fún yín. Tí kò bá sí lébẹ̀lì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ rárá, ó ṣeé ṣe kó ti wà kí 1972 tó dé, torí ọdún yẹn ni òfin wọn bẹ̀rẹ̀ sí fi dandan lé e. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró, lébẹ̀lì lè ti já, ẹ wo síìpù pẹ̀lú, ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti gé lébẹ̀lì dànù nítorí pé ó ń yún oníbàárà lọ́rùn, ẹ ti pa ìdajì owó tí aṣọ yẹn lè mú wá fún yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé kọ́sítọ́ọ̀mù ti fi aṣọ àlòkù sínú àwọn ohun tí wọn ò fẹ́ kó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, mi ò sì kọ̀wé yìí láti bá ìjọba jiyàn. Èyí tó ti wà lórí igi lọ́jà, tó wà nínú àpótí ẹ̀yìn ilé wa, tí bọ̀ọ̀dá wa kan gbé bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn tí kò wọ̀ mọ́, ìyẹn ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀bẹ̀ kan, ẹ̀yin télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní pólì àti lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Tí ìkan nínú àwọn jákẹ́ẹ̀tì yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má yára tú u, ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí, ẹ ya àwòrán gbogbo ègé ẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe gé fìlà ẹ̀, ẹ wo abẹ́ abíyá yẹn. Mo ti gé pátánì ti èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, òwú tó nípọn díẹ̀ ni mo fẹ́ fi rán an, kí àwọn aládìrẹ kan ní Ìtòkú bá mi pa á láró, kí n wá fi àbẹ́là àti ìda oyin kun èjìká ẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà. Mo gbà pé á ṣeé ṣe. Kò sí ìdí tí ẹni tó ń gun ọ̀kadà ní Pánsẹ́kẹ́ kò fi lè wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán ní Abẹ́òkúta, tó ń dá òjò dúró, tí ara ń mí nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin Olóòtú, tí ààyè bá wà, ẹ bá mi fi kún un pé síìpù tí kò bá gbámọ́ mọ́, eyín ẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń bàjẹ́, orí ẹ̀ ló ti ṣí. Kí wọ́n fi púláyà rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ orí síìpù náà lọ́tùn-ún lósì, tí kò bá gbọ́, kí wọ́n ní kí télọ̀ pààrọ̀ orí yẹn nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní odindi síìpù tuntun ni wọ́n máa fi sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í ìdí ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan ní ẹ̀bá ọjà Kútọ̀,
Abẹ́òkúta.